Igun tí Oòrùn Kì í Tètè Dé

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kó yìnyín kúrò lórí pápá yìí.
Ṣọ́bìrì mẹ́ta ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́,
ẹ̀yìn mi ló fẹ́ ṣe ìkẹrin.
Òkun ń bẹ lápá ọ̀tún wa, òkè ń bẹ lápá òsì,
àárín wọn la há bọ́ọ̀lù sí.
Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti èbúté,
òórùn pànlà tí wọ́n sá sórí igi a bá wa wọ ilé ìpààrọ̀ aṣọ,
àlejò a fọwọ́ dí imú,
ọmọ onílé a mí kanlẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni Torjus nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá,
Ragnfrid, tí í la ẹja nílé iṣẹ́ etí omi,
ìpẹ́ ṣì ń dán lára bàtà òjò rẹ̀.
Wọ́n ní kékeré ni àṣàmú ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Eskil ni wọ́n ń sọ,
Eskil tí í gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń kọ̀wé,
tí àwọn ará Oslo tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú,
kí orúnkún tó yẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí n kò fẹ́ rántí.
Ọkọ̀ ẹja ni Eskil ń wà báyìí.
Àbúrò yìí, kò lẹ́nu; ẹsẹ̀ gan-an, díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀.
Ọdún mẹ́ta gbáko lórí bẹ́ǹṣì,
jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n bò ó dé orúnkún.

Bí àwọn yòókù bá lọ jẹun, á dé:
"Oddvar, ṣé ṣọ́bìrì kan ṣẹ́kù?"
Oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ rárá lọ́dọ̀ wa,
iná orí òpó la fi ń mọ ọ̀sán.
Bọ́ọ̀lù á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí a ti ń kó o,
á máa dà á yí òkìtì funfun ká bí ẹni ń da àgùntàn wọlé.
Ọjọ́ kan ló bi mí:
"Níbo ni yìnyín ti ń pẹ́ jù kó tó yọ́?"
N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu kóòṣì kankan.
Mo mú un dé igun ẹ̀yìn ìjókòó àwọn olówó,
níbi tí òjìji ilé ń sùn títí oṣù Karùn-ún.
Mo ní, "Òkè á gbẹ, abẹ́ á ṣì máa mumi.
Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ níbí kì í fò. Ó ń jókòó ni."
Ó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mi orí.

Ó pé méjìdínlógún. Ọjọ́bọ̀, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn.
Ẹnìkan ṣẹ́sẹ̀, ibà dá ẹnìkan dúbúlẹ̀;
wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n kàn gbàgbé láti tì í.
Jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì.
Eskil ní tíkẹ́ẹ̀tì lápò, síbẹ̀ orí ọkọ̀ ẹja ló gùn lẹ́yìn ògiri,
kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè orúnkún.

Ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́rin, wọ́n gbé pátákó sókè.
Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ kàn, ìta ló lọ tààrà.
Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo di ọ̀pá ṣọ́bìrì mú.
Ẹ̀ẹ̀kejì, kò wo ẹnikẹ́ni,
igun yẹn ló wò,
ó sì gbé e lọ síbẹ̀ lókè réré.
Ẹ̀yìn àwọn àlejò dúró kó fò,
bí ẹni ń retí ọkọ̀ ojú omi tó ti lọ.
Bọ́ọ̀lù jókòó.
Tiwa kọjá lára rẹ̀, ó gbé e, ó yìn ín:
òpó!
Gbogbo ìlú di orí mú.
Òdo sí òdo la parí ẹ̀.
Ìwé ìròyìn kọ ìlà kan nípa ọmọ náà, wọ́n tún ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Yìnyín rọ̀ mọ́jú, nínú oṣù Kẹrin.
Mo dé ní aago méje, mo bá pápá ní kíkó,
ṣọ́bìrì mi tutù lára ògiri.
Igun kan ṣoṣo ni kò fọwọ́ kàn.